Ìtàn Òkúta Abẹ̀mí àti Títò Rẹ̀ Sínú Àpótí Omi Òkun

Òkúta abẹ̀mí, èyí tí àwọn tó ń sin ẹja òkun nínú ilé ń pè ní live rock lédè Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ òkúta ẹfun oníhò wẹ́wẹ́ tí egungun àwọn ẹranko kéékèèké inú òkun kóra jọ di, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ohun ẹlẹ́mìí mìíràn sì ti wá fi ẹ̀yìn àti inú rẹ̀ ṣe ilé. Olórí nínú àwọn ẹranko tó ń mọ òkúta náà ni iyùn, ìbátan iyùn pupa tí wọ́n ń kó lábẹ́ Òkun Mẹditaréníà, tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù gbé wá sí Ìbíní àti ilẹ̀ Yorùbá, tó sì di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn ọba. Níbi tí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ jọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, egungun wọn a máa gorí ara wọn títí yóò fi ga láti ìsàlẹ̀ omi, ohun tó ga bẹ́ẹ̀ ni òkìtì iyùn. Àfọ́kù tí ìjì bá ṣẹ́ kúrò lára rẹ̀, tó yí lọ síbi tí omi ti parọ́rọ́, ni òkúta tí ìtàn yìí dá lé lórí. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn ènìyàn tó mọ̀ pé òkúta yìí ni òṣìṣẹ́ àgbà nínú omi, àti pé bí wọ́n ṣe tò ó ni yóò sọ bóyá yóò lè ṣiṣẹ́.

Kí iṣẹ́ náà lè yé ni, ó yẹ kí ènìyàn wo ẹyọ kan fínnífínní, kí ó jẹ́ èyí tó tóbi tó orí ọmọdé. Apá tó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀ a máa ní àwọ̀ elésè àlùkò àti pupa rẹ́súrẹ́sú, nítorí irú ewé òkun kan tó ń fi ẹfun kọ́ ara rẹ̀, tó sì lẹ̀ mọ́ òkúta pẹ́típẹ́tí. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí òjìji wà, ni kànìnkànìn òkun, aràn onírun àti àwọn akàn tíntìntín ń gbé. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù ń lọ níbi tí ojú kò tó. Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ a máa di amóníà, májèlé tí díẹ̀ rẹ̀ lè pa ẹja. Àwọn bakitéríà tó wà lójú òkúta, níbi tí ọ́síjìn ti pọ̀, a sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn a sì sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Nínú ihò òkúta lọ́hùn-ún, ọ́síjìn kò tó mọ́, àwọn bakitéríà tó wà níbẹ̀ a sì máa já ọ́síjìn gbà lára náítíréètì, títí tí yóò fi di gáàsì náítírójìn tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹyọ òkúta kan ló ń fi ẹ̀yìn àti inú rẹ̀ ṣe gbogbo èyí. Nítorí náà, bí wọ́n bá kó òkúta lé ara wọn débi pé omi kò rí àárín wọn gbà kọjá, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, bó ti wù kí àpótí náà lẹ́wà tó.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé òkun wọ ilé kò mọ èyí. Ní 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster, kó àwọn iyùn kékeré láti etíkun Torquay lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní kí wọ́n máa da omi òkun tí wọ́n wà nínú rẹ̀ láti inú ohun èlò kan sí òmíràn lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, títí ó fi di ọdún kejì tó kó ewé òkun sí i. Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà, fi hàn ní 1850 pé ẹja, ìgbín àti ewéko lè jọ gbé inú omi kan náà láìjẹ́ pé wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò kan náà pẹ̀lú omi òkun ní 1852. Ẹni tó sọ ọ̀ràn náà di ti gbogbo ayé ni Philip Henry Gosse, tó bá wọn pèsè ilé ẹja tí ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ní 1853, tó sì tẹ ìwé rẹ̀, The Aquarium, jáde ní 1854. Ewé òkun kò ní gbòǹgbò tí ènìyàn lè hú, òkúta ló ń lẹ̀ mọ́. Nítorí náà Gosse a máa fi òòlù àti ṣísẹ́lì gé òkúta náà mọ́ ewé, a sì gbé méjèèjì pọ̀ sínú àpótí, pẹ̀lú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó bá wà lára wọn. Ẹni tó bá ń wá orírun òkúta abẹ̀mí nínú ilé kò gbọdọ̀ fo ibí yìí. Èrò pọ̀ tó ka ìwé rẹ̀ tí wọ́n sì gbé òòlù lọ sétíkun, títí tí àwọn kòtò omi àárín àpáta tí Gosse fẹ́ràn fi di ahoro; ọmọ rẹ̀, Edmund Gosse, dárò wọn nínú ìwé tó kọ ní 1907. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí òkun ti ń ṣe òkun ní jàǹbá, ọ̀rọ̀ náà yóò sì tún padà wá síwájú.

Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti ya àwọn bakitéríà tó ń yí amóníà padà sọ́tọ̀ ní 1890, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí kò tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹja inú òkìtì iyùn dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ohun tó wọ́pọ̀ nínú àpótí ni egungun iyùn tó ti kú, tí wọ́n fi bílíìṣì fọ̀ títí tó fi funfun báláú, tí wọ́n tò sórí òkúta wẹ́wẹ́. Abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ yìí ni àwo oníhò kan wà, tí afẹ́fẹ́ ń ti ibẹ̀ fa omi gba àárín wọn kọjá kí ìdọ̀tí lè dúró. Bí ewé tíntìntín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí hù lára iyùn funfun náà, wọn a kó o jáde, wọn a sì tún fi bílíìṣì fọ̀ ọ́. Ẹwà ni wọ́n ń tò nígbà náà, ohun tó ń gbé ìwàláàyè ró ni wọ́n sì ń fọ̀ dànù.

Jakarta, ní Indonéṣíà, ni ọ̀nà mìíràn ti là. Nínú ìtẹ̀jáde oṣù kejì ọdún 1961, ìwé ìròyìn Tropical Fish Hobbyist gbé àpilẹ̀kọ ọkùnrin kan jáde tó ń jẹ́ Lee Chin Eng, ó sì pe ọ̀nà tirẹ̀ ní ọ̀nà ìṣẹ̀dá. Ohun tó ṣe kò le láti ṣàlàyé: ó kó òkúta láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń gbé lára wọn, láìfọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sínú omi òkun gidi, ó gbé àpótí síbi tí oòrùn ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì fi ọ̀pá kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ kí èéhó omi tó ń gòkè lè máa gbé omi káàkiri àárín òkúta. Kò lo asẹ́ kankan. Ẹja àti iyùn ààyè jọ gbé níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn olówó tó ní ẹ̀rọ ní Yúróòpù kò tíì lè ṣe. Àwọn tó fẹ́ fara wé e lókè òkun kùnà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí òkúta tó ti pẹ́ lọ́nà a máa dé pẹ̀lú kànìnkànìn àti aràn tó ti kú sínú rẹ̀, ìjẹrà wọn a sì fi amóníà kún omi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó yẹ kí òkúta tuntun kọ́kọ́ wà lọ́tọ̀ nínú omi oníyọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ohun tó kú lára rẹ̀ jẹrà tán, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja. Lee tọ́ sí ipò tó ga ju èyí tí wọ́n sábà ń fún un nínú ìwé lọ, nítorí òun ló fi òkúta sí ipò ẹ̀rọ.

Àwọn ará Jámánì ni wọ́n sọ ọ̀nà náà di èyí tó dúró dáadáa ní ilẹ̀ òtútù. Peter Wilkens tẹ ìwé jáde ní 1973 lórí àwọn ẹranko òkun aláìléegun ẹ̀yìn, ó sì tẹnu mọ́ omi tí wọ́n po ẹfun sí, èyí tó ń fún iyùn ní kálísíọ̀mù tó fi ń mọ egungun rẹ̀. Ní Berlin, Dietrich Stüber àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ so òkúta abẹ̀mí mọ́ omi ẹfun yìí àti ẹ̀rọ kan tó ń fi èéhó afẹ́fẹ́ gbé ìdọ̀tí wá sókè bí ìfófó kí wọ́n lè gbọ̀n ọ́n dànù kó tó jẹrà. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà yìí títí di òní. Iyùn tí Stüber ń tọ́jú dàgbà débi pé ó ń ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ pín fún àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀ka náà sì tàn ká. Láàárín àkókò kan náà, Walter Adey ní Washington àti Jean Jaubert ní Monaco ń gba ọ̀nà tiwọn, èkíní pẹ̀lú ewé omi, èkejì pẹ̀lú iyanrìn jíjìn.

Nígbà tí George Smit kọ ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ lórí òkìtì iyùn inú ilé ní Amẹ́ríkà ní 1986, ìfẹ́ sí i gbilẹ̀, òòlù Gosse sì tún padà dé. Florida fi òfin de kíkó òkúta abẹ̀mí nínú omi ìpínlẹ̀ náà ní 1989. Nígbà tó fi di 1997, ìjọba àpapọ̀ ti dá a dúró nínú omi tirẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ wú ni lórí: àwọn oníṣòwò gbàṣẹ láti kó òkúta ẹfun láti ibi ìwakùsà orí ilẹ̀, kí wọ́n dà á sínú òkun ní ibi tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ó jẹ́ òkúta tó yàtọ̀ sí ti ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dà á pọ̀ mọ́ ti òkun, kí wọ́n sì padà wá kó o nígbà tí ohun ẹlẹ́mìí bá ti bò ó. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ti fi gbogbo iyùn olókùúta sí abẹ́ àkóso láti 1990. Fiji, tó ti ń kó òkúta abẹ̀mí ránṣẹ́ sókè òkun fún ìgbà pípẹ́, dá a dúró ní ìparí 2017. Láti ìgbà náà, òkúta gbígbẹ tí wọ́n wà jáde látinú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rà, pẹ̀lú ẹyọ kan tàbí méjì tó lẹ́mìí láti fi ṣe irúgbìn.

Àyípadà yìí kan bí wọ́n ṣe ń tò ó. Láyé ọ̀nà Berlin, wọn a máa to òkúta mọ́ ẹ̀yìn àpótí láti ìsàlẹ̀ dókè, ìmọ̀ràn tó gbòde sì ni ààbọ̀ kílò sí kílò kan fún lítà omi 4. Ìdọ̀tí a máa sá pamọ́ sẹ́yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kì í sì í dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dín òkúta kù, tí wọ́n ń tò ó ní erékùṣù méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ láàárín òkúta àti gíláàsì kí omi lè yí i ká, àwòkọ́ṣe àwọn ará Japan bíi Takashi Amano, ọ̀gá nínú títo òkúta sínú omi aláìníyọ̀, sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ iyì àyè òfìfo. Òkúta gbígbẹ mú kí ó ṣeé ṣe láti fi sìmẹ́ńtì tàbí àtè so wọ́n pọ̀ lórí tábìlì kí omi tó dé. Òfin kan kò yí padà: ìsàlẹ̀ àpótí gan-an ni òkúta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jókòó lé, kí iyanrìn tó tẹ̀lé e, nítorí ẹja àti edé tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lè wa iyanrìn kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí ó wó lu gíláàsì.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò sí nínú àwọn tó ń ta òkúta yìí, ìdí rẹ̀ sì wà nínú òkun fúnra rẹ̀. Ẹrẹ̀ àti omi dídùn tí Odò Ọya ń tú sínú òkun kò jẹ́ kí òkìtì iyùn gidi hù ní etíkun Nàìjíríà, omi tútù tó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá létíkun Ghana àti Côte d'Ivoire kò sì dẹrùn fún un. São Tomé àti Príncipe pẹ̀lú Cabo Verde ni iyùn ti rí àyè díẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó irú òkúta bẹ́ẹ̀ wọ Nàìjíríà, tó ti wà nínú àdéhùn CITES láti 1974, gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó fẹ́ tò ó sínú ilé ní Zaria, ní àríwá Nàìjíríà. Ìlú náà jìnnà sí òkun Èkó ní nǹkan bí kìlómítà 700, iyọ̀ tí wọ́n pò fún iṣẹ́ náà, gíráàmù bí 35 nínú lítà omi kan, ni yóò sì dípò òkun níbẹ̀. Òkúta kò wọ́n ní Zaria, ṣùgbọ́n akọ òkúta ni ti Òkè Kufena àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ó ki, ó le, ihò inú rẹ̀ kò tó fún bakitéríà tó ń fẹ́ ibi tí ọ́síjìn kò sí. Mábù ilẹ̀ Kogi jẹ́ ọmọ ẹfun, àmọ́ iná inú ilẹ̀ ti dí ihò rẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ni òkúta ẹfun Kalambaina, lẹ́bàá Sokoto, tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Inú òkun ló ti wá, nítorí ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi òkun dé ibẹ̀, ìkarahun àwọn ẹranko rẹ̀ sì wà nínú òkúta náà títí di òní. Irú kan náà ni ti Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ní ihò tó, nítorí náà ṣíṣà ṣe pàtàkì.

Ọyẹ́ ni ìṣòro tí ìwé àwọn ará Berlin kò mẹ́nu bà. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa omi lọ láti ojú àpótí, iyọ̀ a sì ṣẹ́kù, tí ó fi jẹ́ pé omi aláìníyọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dí àlàfo náà lójoojúmọ́. Òru Zaria sì lè tutù dé ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì 15, nígbà tí iyùn ń fẹ́ bí 25. Bí iná mànàmáná bá lọ, gbogbo ohun tó ń gbé inú òkúta ń bá ẹja pín ọ́síjìn tó kù, òkúta tí wọ́n tò gátagàta, tí omi lè gba àárín rẹ̀ pẹ̀lú èéhó láti inú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì, sì lè dúró pẹ́ ju èyí tí wọ́n tò bí ògiri lọ.