Kọnkéré onífọ́nrán dígí: Kí ló jẹ́, ibo ló sì ti lè wúlò ní Kumasi?

Ní Besease, lẹ́bàá ìlú Ejisu, tí kò jìnnà sí Kumasi ní orílẹ̀-èdè Ghana, ilé òrìṣà àtijọ́ kan wà tí ọnà ara ògiri rẹ̀ ń dá àlejò dúró. Igi àti ọparun ni àwọn tó kọ́ ọ kọ́kọ́ tò bí egungun, kí wọ́n tó fi amọ̀ bò ó, tí wọ́n sì fi amọ̀ ṣe ọnà sí i lára. Ó wà lára àwọn ilé ìbílẹ̀ Asante tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 1980. Amọ̀ nìkan kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó là.

Ọgbọ́n tó jọ ìyẹn ló wà nídìí kọnkéré tí wọ́n fi fọ́nrán dígí dì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ ń pè ní GRC. Sìmẹ́ńtì àti iyanrìn tó ti gbẹ lágbára púpọ̀ bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohunkóhun bá fà á, tàbí tó fẹ́ mú un tẹ̀ láàrin, kíá ló ń kán. Ìdí nìyí tí àwọn bíríkìlà fi ń ki irin bọ inú rẹ̀. Àmọ́ irin a máa dípẹtà. Kí omi àti afẹ́fẹ́ má bàa tètè dé ibẹ̀, ó di dandan kí kọnkéré tó bò ó nípọn, bó bá sì ti nípọn, ó ti wúwo nìyẹn.

Dígí kì í dípẹtà. Nítorí náà, pátákó GRC kò ju mìlímítà 10 sí 15 ní nínípọn lọ. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 12 yóò wọ̀n tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 24 fún mítà kan níbùú àti lóròó. Ti kọnkéré onírin tó nípọn tó mìlímítà 100 yóò wọ̀n tó 240. Ẹni tó bá ti ru ẹrù gun ilé alájà mẹ́rin rí yóò mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí.

Inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é. Wọ́n á po sìmẹ́ńtì àti iyanrìn kíkúnná tí ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n á fi ẹ̀rọ fọ́n ọn sára móòdù, bí ẹ̀rọ náà sì ti ń fọ́n ọn ni yóò máa gé fọ́nrán dígí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Fọ́nrán yìí kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ. Wọ́n á fi rólà tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tètè gbẹ. Ọnà yòówù tí wọ́n bá gbẹ́ sára móòdù ni yóò hàn lára pátákó, títí kan àmì Adinkra tí àwọn ará Asante fẹ́ràn.

Kí nìdí tí kì í fi í ṣe gbogbo dígí ló ṣe é lò?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Omi inú sìmẹ́ńtì tutù jọ omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú: ó ń jẹ nǹkan, dígí sì wà lára ohun tó ń jẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú dígí lásán rí i pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni fọ́nrán náà ń rọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, A. J. Majumdar àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèwádìí lórí ilé kíkọ́ fi hàn pé bí wọ́n bá po èròjà zirconia mọ́ dígí, oró sìmẹ́ńtì kò ní tètè ràn án. Ní ọdún 1971, iléeṣẹ́ Pilkington gbé irú dígí bẹ́ẹ̀ jáde ní orúkọ Cem-FIL. Ó bọ́ sí àkókò tí ayé ń wá ohun tí yóò rọ́pò asbestos, tí eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Fọ́nrán dígí tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi tàbí tí wọ́n fi ń tún ara mọ́tò ṣe kì í ṣe irú èyí. Funfun ni méjèèjì, ojú lásán kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tó bá torí owó ra èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, pátákó rẹ̀ yóò dára lójú lónìí, yóò sì di ẹlẹgẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Kódà dígí onízirconia kò bọ́ pátápátá. Ooru àti ọ̀rinrin a máa mú kí ìpalára náà yá, Kumasi, ìlú inú igbó tí òjò rẹ̀ ní àkókò méjì lọ́dún, sì ní méjèèjì lọ́pọ̀. Agbára tí yóò ṣẹ́ kù sára pátákó nígbà tó bá gbó ni ẹnjiníà gbọ́dọ̀ fi ṣírò, kì í ṣe ti ọjọ́ 28 àkọ́kọ́.

Iléeṣẹ́ ìwádìí BRRI, tó wà ní Fumesua nítòsí Kumasi, ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí pozzolana, ìyẹn amọ̀ tí wọ́n sun, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná láti fi dípò apá kan nínú sìmẹ́ńtì. Irú amọ̀ sísun bẹ́ẹ̀ a máa dín èròjà tó ń jẹ dígí kù. Ní òkè òkun, wọ́n ń po metakaolin, amọ̀ funfun tí wọ́n sun, mọ́ GRC fún ìdí yìí gan-an. Ohun ìní tí kò yẹ ká fojú di ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé amọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀, tí àyẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ibo ló ti yẹ ká lò ó?

Ẹ wo ọgbà fásitì KNUST ní Kumasi. Àwọn ayàwòrán ilé bíi James Cubitt àti John Owusu-Addo fi kọnkéré ṣe àwọn ìbòòrùn síwájú fèrèsé níbẹ̀, kí oòrùn má wọlé, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́. Irú iṣẹ́ ìbòòrùn àti aṣọ ògiri yìí ló bá GRC mu jù lọ. Ní Johannesburg, pátákó rẹ̀ ni wọ́n fi wọ pápá Soccer City láṣọ fún ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 2010, tí ó fi rí bí igbá ńlá aláwọ̀ ilẹ̀.

Kò ṣeé fi ṣe òpó tàbí ìgbátí tó ń gbé ilé ró o. Bí wọ́n bá sì de pátákó mọ́ ògiri pinpin, tí kò ráyè gbòòrò kó sì súnkì, yóò là. Bí irin tó so ó kọ́ bá dípẹtà, yóò já bọ́ lé ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀ lórí.

Ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ a máa da pátákó kékeré kan sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ láti inú àpòpọ̀ ọjọ́ náà. Wọn a gé e, wọn a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kán, wọn a sì kọ iye tó gbà sílẹ̀. Oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé yẹn, àti ìwé tó fi hàn pé dígí náà ní zirconia, kó tó sanwó.