Bí Ẹbí Ṣe Lè Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ejẹ́ńtì Ilé Tí Kò Ṣe Dáadáa

Ọ̀pọ̀ ilé tó wà láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mapo dé Beyerunka, ilé ẹbí ni. Bàbá ńlá ló kọ́ ọ, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló jogún ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti wà l'Ékòó, àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn míì ò sì kúrò nínú agbo ilé tí wọ́n bí wọn sí. Nígbà tó bá wá di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, tàbí yàrá tí wọ́n fẹ́ fi háyà, wọ́n á wá ejẹ́ńtì. Bí iṣẹ́ ejẹ́ńtì náà ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́, ìbéèrè tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé: ta ló gbà á síṣẹ́, ta ló sì láṣẹ láti dá a dúró?

Ẹ̀sùn tí onílé máa ń fi kan ejẹ́ńtì ò ṣàjèjì. Ṣọ́ọ̀bù ṣófo fún oṣù mẹ́fà, ejẹ́ńtì ní òun ń wá èèyàn, ṣùgbọ́n kò gbé pátákó síta, kò mú ẹnikẹ́ni wá wò ó. Tàbí kó máa bu owó tirẹ̀ lé iye tí onílé dá, kí àwọn tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù sì máa sá. Tàbí kó gba kọ́kọ́rọ́ tán, kó má gbé fóònù mọ́. Èyí tó burú jù ni kí ayálégbé ti sanwó, kí owó má dé ọ̀dọ̀ ẹbí. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ìbínú lọ bá a, ó yẹ kí wọ́n mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an, torí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ejẹ́ńtì tó lọ́ra lò kọ́ ni wọ́n ń gbà bá èyí tó kówó jẹ lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú jù nígboro Ìbàdàn ni ti àṣẹ. Ọmọ ilé kan lè pe ejẹ́ńtì tó mọ̀, kó kó kọ́kọ́rọ́ fún un, láìjẹ́ pé mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí mọ̀ sí i. Irú ejẹ́ńtì bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé yẹn ló rán an níṣẹ́, ẹbí kọ́. Lọ́dún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìgbà náà sọ pé bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn yòókù lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé títà náà. Bí àwọn àgbà bá sì tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, ìyẹn ò tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Lóòótọ́, títa ilẹ̀ ni ẹjọ́ yẹn dá lé, ṣùgbọ́n ẹbí tó bá fẹ́ yọ ejẹ́ńtì lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n: kí olórí ẹbí fọwọ́ sí lẹ́tà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan náà fọwọ́ sí i. Ejẹ́ńtì tó gbọ́n, tó rí i pé ìdí-igi kan ṣoṣo ló fọwọ́ síwèé, á sáré lọ bá ìdí-igi kejì, wọn á sì ní àwọn ò lé e. Ọdún lè yípo lórí irú fàkìí-n-fà yìí kí ṣọ́ọ̀bù ṣì ṣófo síbẹ̀. Torí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣèpàdé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí àwọn tó wà níbẹ̀ sì fọwọ́ sí i.

Bí ilé bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, tàbí tí wọ́n ti pín ilé ẹbí tí kálukú ti gba tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ò gùn tó báyìí: ẹni tó ni ín ló máa kọ lẹ́tà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í rántí. Bí bàbá tó gba ejẹ́ńtì síṣẹ́ bá kú, àṣẹ tó fún ejẹ́ńtì náà sábà máa ń bá a kú lójú òfin. Ejẹ́ńtì tó ṣì ń gba owó ilé lórúkọ olóògbé gbọ́dọ̀ wá gba àṣẹ tuntun lọ́wọ́ àwọn tó jogún. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ mọ́, kí wọ́n sọ fún un ní kíákíá, kó má lọ rò pé iṣẹ́ ṣì ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìwé àdéhùn jáde kí ẹ kà á. Bó bá sọ pé ejẹ́ńtì yìí nìkan ló máa ṣiṣẹ́ náà fún ọdún kan, tàbí pé ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan, ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n á tẹ̀ lé. Ẹni tó bá já a láìtọ́jọ́ lè san owó gbà-máà-bínú, àfi tí ejẹ́ńtì fúnra ẹ̀ bá ti kọ́kọ́ kùnà nínú ohun tó ṣèlérí níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ejẹ́ńtì ló ń kọ̀wé, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe é níbi púpọ̀. Àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tú: ẹ fún un ní àkókò tó bọ́gbọ́n mu, kí ẹ sì sọ ọ́ lórí ìwé.

Owó kọmíṣàn ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Ejẹ́ńtì á ní òun ti lọ, òun ti bọ̀, òun ti náwó epo. Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1941, láàárín iléeṣẹ́ Luxor ti Eastbourne àti ọ̀gbẹ́ni Cooper, ló sábà máa ń wá sọ́kàn àwọn lọ́yà. Ejẹ́ńtì yẹn ń retí £10,000 lórí títa àwọn ilé sinimá kan, àwọn tó ni ín yí ọkàn padà kí títà tó parí, ilé ẹjọ́ sì ní kò sí kọ́bọ̀ tó tọ́ sí i, torí pé ìgbà tí títà bá parí ni wọ́n ní àwọn á sanwó. Bọ́rọ̀ ṣe rí lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn: kó mú èèyàn wá nìkan ò tó, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bí àdéhùn náà. Òdì kejì ẹ̀ náà wà o. Bó bá ti mú ayálégbé wá, tí ẹbí wá dọ́gbọ́n lé ejẹ́ńtì lónìí kí wọ́n lè gbowó tààrà lọ́wọ́ ayálégbé yẹn lọ́la, kọmíṣàn ejẹ́ńtì ṣì ń bẹ lọ́rùn wọn, ilé ẹjọ́ á sì ní kí wọ́n san án. Ìwà yẹn ò da rárá, àwọn onílé kan sì ń hù ú.

Àwọn ẹbí míì ti fọwọ́ sí ìwé tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney fún ejẹ́ńtì. Kí àyà má fò wọ́n. Nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara lọ́dún 1993, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ṣàlàyé pé irú ìwé yìí kì í gbé ilẹ̀ lọ fún ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún, àṣẹ láti ṣojú ni wọ́n fún un. Wọ́n lè gba àṣẹ náà padà, ṣùgbọ́n bí ejẹ́ńtì bá ti fi owó tirẹ̀ lélẹ̀ tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣẹ náà ò ṣeé gbà padà, kí wọ́n kọ́kọ́ rí lọ́yà. Bí ìwé náà bá ti wọ àkọsílẹ̀ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, Agodi, ìwé tí wọ́n fi fagi lé e náà gbọ́dọ̀ débẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lọ yẹ̀wé wò níbẹ̀ á ṣì máa rí orúkọ ejẹ́ńtì àtijọ́.

Lẹ́tà tí wọ́n fi ń dá ejẹ́ńtì dúró ò nílò òyìnbó ńlá. Kó sọ ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tó kàn, ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, pé kò gbọ́dọ̀ gbowó tàbí mú ẹnikẹ́ni wọlé mọ́, àti ọjọ́ tó máa kó kọ́kọ́rọ́, risíìtì àti ìṣirò owó wá. Èébú ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, ẹ má sì pè é ní olè lórí ìwé tí ẹ ò bá ní ẹ̀rí. Bí àgbà tí kò mọ̀wé bá máa tẹ̀ka, kí wọ́n kà á sí i létí ní Yorùbá, kí ẹni tó bá a kọ ọ́ sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara ẹ̀ síbẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣe é ní méjì, kí ejẹ́ńtì fọwọ́ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ ẹbí. Bó bá kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp náà níṣojú ẹlẹ́rìí.

Iṣẹ́ ò parí síbẹ̀ o, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí ayálégbé ò bá mọ̀ pé wọ́n ti yọ ejẹ́ńtì, tó lọ sanwó fún un bó ṣe máa ń san án tẹ́lẹ̀, òfin lè sọ pé ó ti sanwó fún onílé. Ayálégbé ò jẹ̀bi, ẹbí tí kò sọ̀rọ̀ ló jẹ gbèsè náà. Torí náà, lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dọ́wọ́ ejẹ́ńtì, kí ìwé kúkúrú dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù àti yàrá, kó sọ ẹni tí wọ́n á máa sanwó fún àti nọ́ńbà àkáǹtì tuntun. Kí wọ́n yọ pátákó tí nọ́ńbà fóònù ejẹ́ńtì wà lára ògiri. Ẹ rántí pẹ̀lú pé lílé ejẹ́ńtì kì í lé ayálégbé tó mú wá. Ẹni tó ti san owó ọdún kan fún ejẹ́ńtì tó láṣẹ nígbà náà á lo ọdún ẹ̀ pé.

Ti ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ejẹ́ńtì tí kò rí ayálégbé mú wá kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tì mọ́lé. Ṣùgbọ́n bó bá gbowó ilé tó sì ná an, ìyẹn lè di olè jíjà, ìgbà yẹn ni tèṣọ̀n kàn. Ohun tó ṣẹ́kù, bíi gbígba owó padà, ilé ẹjọ́ ló ni ín. Bí ejẹ́ńtì bá jẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí estate surveyor, ìgbìmọ̀ ESVARBON, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, lágbára láti bá a wí. Ọ̀pọ̀ ejẹ́ńtì àdúgbò ni kò sí lábẹ́ ìgbìmọ̀ yìí, nítorí náà kí wọ́n béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀ ṣáájú.

Fún ejẹ́ńtì tuntun, kí wọ́n kọ àdéhùn oṣù mẹ́ta péré ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí owó ilé máa wọ àkáǹtì ẹbí tààrà, kí kọmíṣàn ejẹ́ńtì ti ibẹ̀ jáde lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé. Kí ẹnì kan nínú agbo ilé sì ní kọ́kọ́rọ́ kejì ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́.