Ta Ló Ni Ara Obìnrin? Ngozi, Adétutù àti Fúnmiwò Nínú Fíìmù Túndé Kèlání

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ tú orúkọ palẹ̀.

Ẹ wo “màgùn”. Gbólóhùn àṣẹ ló wà nínú rẹ̀: má gùn. Ọkùnrin àlè ni a ń pàṣẹ náà fún, ṣùgbọ́n ara ìyàwó ni a fi àṣẹ sí. Obìnrin wá dà bí ògiri tí a kọ “Má ṣe tọ̀ síbí” sí lára ní ìgboro Èkó. Ta ló béèrè lọ́wọ́ ògiri bóyá ó fẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan sí òun lára?

Inú ọ̀rọ̀ yìí ni Túndé Kèlání ti mú fíìmù rẹ̀, Thunderbolt: Màgùn, jáde ní ọdún 2001. Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ló kọ ìtàn tí wọ́n gbé e kà. Ngozi, ọmọ Ìgbò, fẹ́ Yínká, ọmọ Yorùbá. Ìfura wọ àárín wọn, wọ́n sì fi màgùn sí Ngozi lára láìmọ̀. Ilé iṣẹ́ Kèlání, Mainframe, tó wà ní Òṣòdì nígbà náà, kì í ṣe fíìmù kìkì nítorí ohun tí yóò tètè tà lọ́jà. Inú ìwé àwọn òǹkọ̀wé wa ni ó ti máa ń wá ìtàn.

Ní Alímọ̀ṣọ́ níbí, ìtàn náà kò jìnnà sí wa. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yà ló ti wá kọ́lé sí Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ìyàwó Ìgbò nílé ọkọ Yorùbá kì í ṣe ohun àjèjì ní àdúgbò wa. Mo rántí bí àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà ṣe ń jiyàn lórí fíìmù náà. Bí màgùn ṣe ń pa ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ wa ń sọ. Ẹni tó ń béèrè ohun tí Ngozi fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kò pọ̀.

Ní ọdún 2008, Arugbá jáde. Ẹ tún wo orúkọ: a-ru-igbá, ẹni tó ń ru igbá. Orúkọ iṣẹ́ ni, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Ní Òṣogbo, wúńdíá láti ìdílé ọba ló ń ru igbá Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ ọdún, lọ sí igbó tí UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Adétutù, tí Bùkọ́lá Awóyẹmí ṣe, ni arugbá inú fíìmù náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ó sì ní ẹ̀bùn orin àti ijó. Síbẹ̀ ìlú ló ń ṣọ́ ara rẹ̀, nítorí ìlú ló ni igbá. Kèlání kò fi àṣà ṣe ẹlẹ́yà. Ó kàn fi hàn wá pé ẹni tó ru igbá ní orí tirẹ̀ lábẹ́ igbá.

Ẹ̀kẹta ni Dazzling Mirage, ti ọdún 2014, tí wọ́n mú láti inú ìwé Yínká Egbokhare. Kẹ́mi Lala Akíndójú ló ṣe Fúnmiwò, ọ̀dọ́bìnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò sẹ́ni tó fi oògùn kankan sí i lára, ìlú kò sì gbé igbá rù ú. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọn ni, àti ojú tí àwùjọ fi ń wò ó. Ìjà rẹ̀ tó le jù ni kí òun náà má fi ojú yẹn wo ara rẹ̀.

Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn láàárín ọdún mẹ́tàlá. Ti Ngozi ni: kí ni wọ́n fi sí mi lára? Ti Adétutù ni: kí ni wọ́n ń retí lára mi? Ti Fúnmiwò ni: kí ni èmi gan-an gbà pé mo jẹ́?

Àwọn kan ń sọ pé òyìnbó ló kọ́ obìnrin wa láti máa wá irú ìbéèrè báyìí kiri. N kò gbà. Láti ara “wà” ni a ti ṣẹ̀dá “ìwà”. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń pe ìṣesí ẹni ló jẹ mọ́ wíwà ẹni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn baba wa ní ìwà lẹwà, wọn kò rán wa lọ yẹ ara obìnrin wò kí a tó mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n ní kí a wò, ẹni tó sì ni ìwà ló mọ̀ ọ́n jù.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kíláàsì, púpọ̀ nínú wọn láti Ìgàndò àti Ẹgbẹ́dá. Ilé ń pè wọ́n ní ìyàwó ọ̀la, àdúgbò ń pè wọ́n ní ọmọ lágbájá. Orúkọ rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí arugbá, orúkọ ẹrù ni. Ó yẹ kí a tún máa béèrè orúkọ ẹni tó rù ú.