Egbò Ìlà àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Àwọn tí ó ti kọ̀wé nípa ìlà ní ilẹ̀ wa kò kéré. Bí ènìyàn bá ṣí ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, yóò bá àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́ àti àwọn yòókù níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń fò kọjá. Wọn a sọ bí abẹ ṣe kan ojú, wọn a sì sọ bí ìlà ti rí lójú àgbàlagbà. Àwọn ọjọ́ tí ó wà láàárín méjèèjì, nígbà tí ìlà ṣì jẹ́ egbò, kò jọ wọ́n lójú. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Abẹ kì í pẹ́ lára ọmọ. Ìtọ́jú ni ó ń pẹ́.

Àwọn baba wa kò gbàgbé èyí. Wọ́n ní títa ríro ni à ń kọlà, bí ó bá jiná tán, a di oge. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, jiná. Iṣu ń jiná lórí iná, egbò náà ń jiná lára, ẹni tí ó bá sì fi méjèèjì sílẹ̀ láìbojú wò wọ́n yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ kò fẹ́ rí. Bákan náà ni a ń kọ ìwé, tí a sì ń kọ ìlà. N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí ó jọra ṣe ẹ̀rí ìtàn o, nítorí àwọn olùkọ́ wa yóò bá mi wí. Ṣùgbọ́n ìwé tí tádà rẹ̀ bá ṣàn kò ṣeé kà, ìlà tí egbò rẹ̀ bá kẹ̀ kò sì ṣeé kà.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wà nípa Ṣàngó. Ọba rán ẹrú méjì níṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ, èkejì kò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi abẹ bu èyí èkejì lára ní ọ̀nà 122. Nígbà tí egbò náà jiná, àpá rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ayaba fi ń yọjú wò ó. Ọba bá ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ara òun náà, ṣùgbọ́n kò lè fara da ju méjì lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìlà méjì lápá ti di àmì ọmọ ọba. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí ń sọ ìtàn yìí kì í dárúkọ ẹni tí ó tọ́jú ẹrú náà. Ọ̀nà 122 kì í ṣàdédé jiná.

Olóòlà ni ó ni iṣẹ́ abẹ, Ògún ni ó sì ni irin ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọ ìlà tán, ìgbín ni ó ń mú. Yóò fọ́ ìdí ìkarahun rẹ̀, yóò jẹ́ kí omi rẹ̀ kán sí ojú egbò kí ó lè tù ú. Ẹ̀rọ̀ ni a ń pe omi náà, ìgbín sì ni ẹran Ọbàtálá, ẹni tí ó mọ ara ènìyàn. Ògún la ara, Ọbàtálá pa á dé. Ẹni tí ó bá ní ìgbàgbọ́ lásán ni èyí, kí ó dúró díẹ̀: láàárín 1980 sí 1989, àwọn onímọ̀ ní Jàpáàn rí èròjà tí ń pa kòkòrò àrùn nínú ikùn-ara ìgbín ńlá kan tí ó jẹ́ ìbátan ìgbín tiwa.

Kóló yàtọ̀ díẹ̀. Henry John Drewal, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1988. Èédú ni a ń fi ra ojú abẹ kéékèèké náà, kí ọnà ara lè dúdú. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé fi ara eku ṣe àyẹ̀wò ohun tí ń mú irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara a máa gbé e mì, bí wọ́n bá sì kú, àwọn mìíràn a tún gbé e mì. Ara pàápàá ń tọ́jú ọnà tí a fín sí i.

Lẹ́yìn olóòlà, ọ̀ràn di ti ìyá ọmọ àti ìyá àgbà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, òrí tàbí àdí tí a fi ra á fẹ́ẹ́rẹ́, kí eṣinṣin má bà lé e, kí ọmọ má fi èékánná họ ọ́. Èépá kò ṣeé ṣí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò bọ́.

Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ìlà a máa sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnu kò ti lè sọ ọ́. Ní Freetown, láti 1808, àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ orúkọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú sínú ìwé ńlá, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara wọn. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wa rí ohun kọ sílẹ̀, nítorí pé ìyá kan ti jókòó ti egbò ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ẹ̀gbá ní ogún ọdún ṣáájú.

Síbẹ̀, n kò ní tan yín. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú erùpẹ̀, a sì máa gba ojú egbò wọlé. Abẹ kan tí a fi kọ ọmọ mẹ́ta lè kó àrùn ẹ̀jẹ̀ láti ara ọ̀kan sí èkejì. Kò sí ẹ̀rọ̀ ìgbín tí ó ká èyí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ ní abala 24 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ìlà tàbí fín ọnà sí ara ọmọdé. Mo fara mọ́ ọn. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò lè sọ pé òun fẹ́ tàbí òun kọ̀.

Àgbàlagbà tí ó bá fín ara rẹ̀ lónìí ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, ohun tí a ń sọ fún un kò jìnnà sí ti àtijọ́: fi ọṣẹ tí kò ta fọ̀ ọ́, fi òróró díẹ̀ ra á, má ṣí èépá, má wọ odò títí yóò fi jiná. Ọ̀kan ni ó kù tí ìyá àgbà kò ní kà mọ́ ọn, pé kí a máa bò ó fún oòrùn lẹ́yìn tí ó bá ti jiná tán. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ òféèfèé ni oòrùn ń tètè pa. Mo ti rí kóló lápá ìyá kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó ta iṣu nínú oòrùn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó ṣì dúdú.