Orúnkún Tó Ń Dùn àti Eré Ìdárayá

Bí orúnkún bá ń dun bàbá tàbí ìyá wa, ohun tí à ń sọ ni pé, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí a bá yín gbé e wá." Ìfẹ́ ló ń mú wa sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó láti àárọ̀ di alẹ́ kì í ṣe oògùn orúnkún. Iṣan iwájú itan ló ń ran orúnkún lọ́wọ́ láti gbé ara. Bí ẹsẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, iṣan náà á rọ, ìnira á sì pọ̀ sí i fún oríkèé tó ti ń dùn tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí eré ìdárayá fi wà lára ìtọ́jú tí àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ ń yàn fún orúnkún tí ọjọ́ orí ti jẹ.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gba àgbàlagbà nímọ̀ràn láti máa ṣe eré ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, wọ́n sì ka aláàbọ̀ ara mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá lè dé ibẹ̀, díẹ̀ sàn ju òfo lọ.

Ẹ jókòó sórí àga tó le dáadáa. Ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dìde lórí àga gíga, kí ẹ tún jókòó, kí ẹ̀yìn àga ti ògiri kó má baà yọ̀. Ẹ má fi àga ìrọ̀gbọ̀kú pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Àga tó bá kúrú ń ni orúnkún lára jù.

Ìrora díẹ̀ kò burú. Bí ó bá le sí i títí di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù. Bí orúnkún bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tàbí tí ẹsẹ̀ kò ṣeé tẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ gba olùkọ́ eré ìdárayá, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ béèrè nípa ìpalára àtijọ́, iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn tí ẹ ń lò, ẹ má fún un lówó. Obìnrin lè béèrè fún olùkọ́ obìnrin.

Ní ti ìrun, Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) yọ̀ǹda fún Imran bn Husayn, tí jẹ̀díjẹ̀dí ń bá jà, láti kírun lórí ìjókòó bí kò bá lè dúró. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì sọ pé ẹni tí sùjúùdù nìkan nira fún, tó sì lè dúró, kó máa dúró ní àyè ìdúró, kó tó jókòó sórí àga. Dídìde lórí àga tí a ṣàlàyé lókè yìí gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ nílò fún un.