Agbo Ijó, Kì Í Ṣe Àwo: Ohun Tó Mú Fleshtones Pẹ́ Nídìí Orin

Rẹ́kọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀tàn orin rọ́ọ̀kì fi ń ṣe òṣùwọ̀n: iye tó tà, ipò tó dé, bí rédíò ṣe gbé e tó. Bí a bá gbé Fleshtones, ẹgbẹ́ olórin ará Queens ní New York, sórí òṣùwọ̀n yìí, wọn kò ní tẹ̀wọ̀n. Apá ìsàlẹ̀ ni àwo wọn Roman Gods wà lórí àtẹ Billboard lọ́dún 1982, kò sì sí orin wọn kankan tó gbòde kan ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, láti 1976 ni wọ́n ti ń ṣeré, wọn kò sì tú ká. Ó rọrùn láti sọ pé orí kunkun ló gbé wọn débẹ̀, pé wọ́n fara da àìlókìkí títí ó fi mọ́ wọn lára. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, àìní orin tó gbòde wà lára ohun tó dá ẹ̀mí ẹgbẹ́ náà sí, nítorí agbo ijó ni wọ́n fi ṣe ibi iṣẹ́, agbo ijó kì í sì í gbó bí àwo ṣe ń gbó.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò ní ariwo. Keith Streng àti Jan Marek Pakulski háyà ilé kan ní àdúgbò Whitestone ní Queens. Yàrá abẹ́ ilé náà ni wọ́n ti bá àwọn ohun èlò orin tí ayálégbé kan fi sílẹ̀ lọ. Wọ́n gbé wọn, wọ́n ń lù wọ́n, Peter Zaremba dara pọ̀ mọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí akọrin àti atẹdùùrù. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún ọdún 1976, wọ́n ti ń ṣeré ní ilé eré CBGB, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ olórin Ramones àti Television ti ń dá bírà. Orin tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń lù ní gáréèjì òbí wọn láàárín ọdún 1960 sí 1970, tí Lenny Kaye ṣà jọ sínú àwo Nuggets lọ́dún 1972, ni Fleshtones ní tiwọn yàn. Ẹ wo bó ṣe rí fún ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ìṣáájú náà: ? and the Mysterians, àwọn ọmọ ìran Mẹ́síkò tó dàgbà ní Michigan, gba ipò kìíní lọ́dún 1966 pẹ̀lú “96 Tears”. Wọn kò tún rí orin mìíràn tó débẹ̀. Kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tún ṣe irú orin kan náà ni gbogbo ayé ń béèrè. Bí kò bá lè ṣe é, ọjà tú nìyẹn. Fleshtones kò ní irú gbèsè yẹn lọ́rùn.

Ẹnì kan lè sọ pé àfarawé ayé àtijọ́ lásán ni wọ́n ń ṣe, pé pípẹ́ nídìí àfarawé kì í ṣe ohun àmúyangàn. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, ṣùgbọ́n ìtàn orin gáréèjì fúnra rẹ̀ ló ta kò ó. Orin chá-chá-chá kan tí René Touzet, atẹdùùrù ọmọ Kúbà, ṣe ni Richard Berry, olórin aláwọ̀ dúdú ní Los Angeles, gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ẹgbẹ́ olórin kan. Ó mú ìró ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fi ṣe “Louie Louie”, tó jáde lọ́dún 1957. Kó tó di pé àwọn Kingsmen ní Portland gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1963, Berry ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní dọ́là 750, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kó tó rí owó tó tọ́ sí i. Ìwà ìrẹ́jẹ gidi ni, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Nígbà tí àwọn Kingsmen ń gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé máíkì kọ́ sókè débi pé Jack Ely, akọrin wọn, ní láti na ọrùn kígbe sí i, ọ̀rọ̀ orin náà kò sì já gaara, tí FBI fi ń wádìí bóyá ìsọkúsọ ló wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ta ni kò fara wé ẹlòmíràn? Ohun tí olúkúlùkù fi kún un ni orin náà fi wà láàyè, àwọn tó ń jó sì ni adájọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní ilé-iṣẹ́ àwo orin ńlá ló ti Fleshtones lẹ́yìn. Òótọ́ ni pé I.R.S. Records gbà wọ́n lọ́dún 1980, tí Zaremba sì di atọ́kùn ètò The Cutting Edge lórí MTV. Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ yẹn ti dópin kí ọdún 1990 tó dé, èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé ẹgbẹ́ náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. R.E.M., tí wọ́n jọ wà ní I.R.S., di ìlú-mọ̀ọ́ká, wọ́n sì tú ká lọ́dún 2011. Ohun tó gbé Fleshtones ró wà nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣeré: wọ́n ń gbé jìtá sọ̀kalẹ̀ sáàárín èrò, wọ́n ń gun orí káńtà ọtí, wọ́n sì máa ń kó èrò tẹ̀lé ara wọn jáde sí òpópónà. Kò sí ẹni tó nílò àtimọ orin kan tẹ́lẹ̀ kó tó lè wọ inú irú agbo bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ní ilé ijó Gibus ní Párísì lọ́dún 1985 fi jẹ́ ẹ̀rí tó wúlò fún olùwádìí ju ọ̀pọ̀ àwo tí wọ́n ṣe ní sítúdíò lọ.

Ọ̀nà yìí kò rọrùn o. Ìwé Sweat tí Joe Bonomo kọ nípa wọn, tó jáde lọ́dún 2007, kò fi ọtí àmujù àti àìlówó lọ́wọ́ wọn pa mọ́. N kò sì sọ pé pípẹ́ nìkan tó láti fi yin ẹgbẹ́ kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé òṣùwọ̀n tó bá iṣẹ́ mu ni kí a fi wọn iṣẹ́. Bill Milhizer wọlé gẹ́gẹ́ bí onílù lọ́dún 1980, Ken Fox dé lọ́dún 1990, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Zaremba àti Streng sì ni wọ́n jọ ń bá a lọ láti ìgbà náà. Nígbà tó di 2011, Lenny Kaye, ẹni tó ṣa Nuggets jọ, ló bá wọn ṣe Brooklyn Sound Solution. Ẹni tó kó orin àwọn tó ti dákẹ́ jọ wá gbé jìtá láàárín àwọn tí kò dákẹ́. Lọ́dún 2024 ni wọ́n tún gbé àwo mìíràn jáde, It's Getting Late, wọ́n sì tún ń kó ẹrù wọn kiri àwọn ilé ijó kéékèèké.