Ẹ̀fọn, Oko àti Ẹ̀jẹ̀ Tí A Jogún

Orí ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú ilé Ajégúnlẹ̀ sí, nítòsí èbúté Àpápá ní Èkó, níbi tí Ìlàjẹ, Ìjọ, Urhobo, Ìgbò àti àwa Yorùbá jọ ń gbé. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀fọn á gba àdúgbò. Ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn yìí náà ni ká ti wá ìdí tí jínótàìpù AS fi wọ́pọ̀ láàárín wa.

Àyípadà kékeré kan nínú jíìnì, tí a ń pè ní S, ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tẹ̀ bí dòjé. Ní 2018, onímọ̀ jíìnì Daniel Shriner àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, Charles Rotimi, ṣírò pé ara ẹnì kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Báwo ni ohun tó ń pa ọmọ ṣe wá tàn dé ara nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà?

Anthony Allison fi hàn ní 1954, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, pé ọmọ AS, tó gba S lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ní ààbò lọ́wọ́ ibà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Frank Livingstone yẹ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wò, àlàyé rẹ̀ sì ń wú mi lórí títí dòní: nígbà tí àwọn baba ńlá wa ṣán igbó dáko, oòrùn ráyè dé ilẹ̀, omi òjò dúró, Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, sì rí ibi yé ẹyin sí. Ibà ń pa ọmọ AA, tí kò ní S rárá, ọmọ AS ń dàgbà, ó ń bímọ. Oko àwọn baba wa wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ní Ìbàdàn, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 1970 pé sẹ́ẹ̀lì AS tí kòkòrò ibà wọ̀ máa ń yá tẹ̀ ju èyí tí kò wọ̀ lọ. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lára.

Ṣùgbọ́n ọmọ SS, tó gba S lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, kò ní ààbò yẹn. Fòníkú-fọ̀ladìde ni tirẹ̀, ibà sì lè tètè pa á. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé irú wọn wà nínú àwọn àbíkú tí a sọ ní Málọmọ́ àti Dúrójayé, tí a tún fi abẹ kọ lára. Ó dùn mí pé ìyà ni a fi kún ìrora wọn.

Ní 1994, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀ láti ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí-Àràbà ni ibùdó rẹ̀ wà. Ọmọ SS tó ń gbé GRA Àpápá àti èyí tó ń gbé Ajégúnlẹ̀, jíìnì kan náà ni wọ́n jogún. Àwọ̀n ẹ̀fọn, oògùn ìdènà ibà Paludrine ojoojúmọ́, omi tó mọ́ láti mu dáadáa àti owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn lóru ni kì í dọ́gba.